Ilé Festac àti Ẹ̀sùn Aráàlú

Àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ̀ sí ilé Festac, nígbà àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí ó wáyé ní Èkó ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1977. Nígbà tí àlejò lọ tán, gègé ni ìjọba ṣẹ́ láti pín ilé fún aráàlú, FHA, àjọ ilé ti ìjọba àpapọ̀, sì ń mójú tó o. Gègé kò mọ ọmọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ tálákà.

Ṣùgbọ́n ohun tí gègé pín, kálámù akọ̀wé lè tún un pín. Ká sọ pé ìwé ilé wà lọ́wọ́ bàbá kan, kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó sáré lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin; wọ́n ní ilé ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe tiwọn láti pín. Ó dé ọ́fíìsì tí ọ̀ràn kàn. Wọ́n ní fáìlì ń bẹ lókè. Ó padà lọ, ọ̀gá ti lọ ìpàdé. Nígbà kẹta, ẹnìkan pè é sí kọ̀rọ̀ pé kí ó mú nǹkan wá kí fáìlì lè sọ̀kalẹ̀.

Ewu ńbẹ nínú ìlọ-bọ̀ yìí. Ọdún 1975 ni ìjọba ológun dá Public Complaints Commission sílẹ̀, láti máa gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí iṣẹ́ ìjọba láìgba kọ́bọ̀. Òfin rẹ̀ ní kí olùfisùn kọ́kọ́ tọ gbogbo ọ̀nà tí ó wà nílẹ̀ tán. Òfin kan náà ní ẹ̀sùn tí ó bá ti lé ní oṣù méjìlá lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kò ṣeé wádìí mọ́. Akọ̀wé tí ó mọ èyí kò ní láti sọ pé rárá. “Ẹ padà wá” ti tó. Nítorí náà, ìwé ni kí bàbá fi fẹjọ́ sùn láti ọjọ́ kìíní, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tirẹ̀. Àmọ̀ràn nìkan ni àjọ náà lè dá, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fáìlì ni ìwé ìbéèrè wọn lè mú sọ̀kalẹ̀.

Ti owó kọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin ọdún 2000 tí ó dá ICPC sílẹ̀ gba ẹ̀sùn àfẹnusọ. Òṣìṣẹ́ àjọ náà ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, tí yóò sì kà á fún olùfisùn. Dandan ni kí ẹni tí wọ́n béèrè rìbá lọ́wọ́ rẹ̀ fi tó wọn létí tàbí kí ó sọ fún ọlọ́pàá. Bí bàbá bá sì san án, àti òun àti ẹni tí ó gbà á ni òfin mú.