Orin Inú Fídíò Ìkómọ

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Kétu, Pobè àti Sakété, ẹni tó bá gbé fídíò ìkómọ sórí YouTube lè rí i pé wọ́n ti pa ohùn rẹ̀, nítorí orin tó ń dún lẹ́yìn. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Láti 2007 ni wọ́n ti ń lo Content ID, tó ń fi ohùn fídíò wé orin tí àwọn olówó orin kó fún un. Ẹ̀rọ náà mọ orin. Kò mọ ìkómọ.

Ẹlòmíràn á ní, ṣé kí olórin máa jẹ afẹ́fẹ́ ni? Rárá o. Òfin Bénin ti 2006 dáàbò bo iṣẹ́ olórin, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní ra orin mọ́ nítorí pé ó gbọ́ ọ lábẹ́ ariwo ọmọdé? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ fídíò ìṣẹ́jú àáyá 29 kan, tí ọmọ kékeré ti ń jó sí orin Prince. Ìyá rẹ̀ pe Universal, ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀tọ́ orin náà, lẹ́jọ́. Ní 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí olówó orin kọ́kọ́ wò ó bóyá òfin gba irú ìlò bẹ́ẹ̀, kó tó ní kí wọ́n yọ ọ́. Lóòótọ́, ẹjọ́ yẹn kò de ẹnikẹ́ni ní Bénin. Àmọ́ Content ID fúnra rẹ̀ jẹ́ kí olówó orin yàn: kó dí fídíò, kó gba owó ìpolówó orí rẹ̀, tàbí kó kàn máa wò ó. Ẹni tó lè gbowó tó tún dí fídíò ìkómọ pa, àṣejù ni.

Bí Content ID bá fi ẹ̀sùn kan fídíò ìkómọ yín, ẹ tako ẹ̀sùn náà lórí YouTube. Ọjọ́ 30 ni olówó orin ní láti fèsì. Bí kò bá fèsì, ẹ̀sùn náà á kúrò.