Àwọn Tí Ń Fi Ọkọ̀ Àtijọ́ Gbáfẹ́ ní Amẹ́ríkà

Bí ẹnìkan bá ní owó tí ó tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun, tí ó wá fi owó náà ra èyí tí a ti ṣe láti ọdún 1957, ọkọ̀ tí ń mu epo bí ẹni mu omi, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì wúwo bí ìlẹ̀kùn ààfin, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò pè é jókòó láti bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ dá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ara wọn sì dá ṣáká. Kì í ṣe àìní ọkọ̀ ni ó mú wọn rà á. Èyí tí wọ́n fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ wà nílé. Àfẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn kan ń bẹ láàárín àwọn aláfẹ́ wọ̀nyí, òun ni ó sì mú wa sọ̀rọ̀ wọn: ta ni ó mọyì ọkọ̀ àtijọ́, ẹni tí ó ń wà á kiri ìgboro ni, tàbí ẹni tí ó tì í mọ́lé kí iye owó rẹ̀ lè máa gòkè?

Ní ọdún 1908 ni Henry Ford gbé ọkọ̀ Model T jáde ní Detroit. Iye rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 850 dọ́là. Nígbà tí ó fi di ọdún 1925, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ti wálẹ̀ sí 260 dọ́là. Kí wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 1927, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ. Ọkọ̀ àgbẹ̀ ni, ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá ní òòlù, sípánà àti wáyà díẹ̀ lè tún un ṣe lábẹ́ igi. Àwọn olólùfẹ́ irú ọkọ̀ báwọ̀nyí ni ó kó ara wọn jọ ní Philadelphia ní ọdún 1935, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Antique Automobile Club of America sílẹ̀. Lójú ẹgbẹ́ náà, ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún 25 ti wọ ẹgbẹ́ àgbà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn ọkọ̀ akérò tiwa láti Èkó dé Kánò, ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ni ì bá ti gba ẹ̀bùn tipẹ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún ni ẹgbẹ́ yìí ń pàdé ní Hershey, ìlú tí a ti ń ṣe ṣokoléètì ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ọjà ni, ọjà ńlá sì ni. Wọn a pàtẹ iná iwájú, kabúrétọ̀, páànù ara ọkọ̀ àti ìwé atọ́nà tí ó ti pọ́n. Ẹlòmíràn lè fi odidi ọjọ́ méjì rìn káàkiri nítorí ọwọ́ ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé kò lè rí alágbẹ̀dẹ tí yóò rọ òmíràn fún un. Irú èyí tí ó bá ọkọ̀ rẹ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ ni ó ń wá. Bí ó bá rí i, ojú rẹ̀ nìkan ti tó ìròyìn.

Ẹwà àwọn ọkọ̀ tí a ṣe láàárín ọdún 1948 sí 1959 ni ó ń pa ọ̀pọ̀ wọn bí ọtí. Harley Earl, ọ̀gá àwọn ayàwòrán ọkọ̀ ní General Motors, ni ó darí àwọn tí ó fi ìrù sí ẹ̀yìn Cadillac ọdún 1948. Ọkọ̀ òfuurufú ogun tí a ń pè ní P-38 ni wọ́n wò ṣe é. Ìrù náà ń ga sí i títí ó fi dé góńgó ní ọdún 1959. Kò ṣe iṣẹ́ kankan. Iyì ni ó wà fún, bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn.

Ewu wà nínú ẹwà yìí o. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà kò ní bẹ́líìtì ìjókòó. Ọdún 1968 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun. Ojú kan ṣoṣo ni epo bíréèkì ń gbà lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí páìpù kan bá bẹ́, kò sí bíréèkì mọ́. Epo bẹntiróòlù tí a fi òjé sí ni a ṣe ẹ́ńjìnnì wọn fún, bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà sì ti fòfin dè é fún ọkọ̀ ojú pópó láti ọdún 1996. Ẹni tí kò bá kọ́ nǹkan wọ̀nyí nílé, ọkọ̀ náà yóò kọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Wàyí o, àwọn ẹlòmíràn wà tí kì í fọwọ́ kan sípánà. Ibi gbàǹjo ni a ti ń rí wọn, bí irú èyí tí ó ń wáyé ní Scottsdale, ìpínlẹ̀ Arizona, ní oṣù kìn-ín-ní. Níbẹ̀ ní ọdún 2012, wọ́n ra ọkọ̀ Tucker kan ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là. A kò bá wọn jà nítorí Tucker: 51 péré ni wọ́n ṣe kí ilé iṣẹ́ náà tó dojú dé. Ohun tí ó dùn wá ni pé Chevrolet tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ òṣìṣẹ́, nítorí àwọn tí ń rà á bí ẹni ra ilẹ̀.

Ìtìmọ́lé kò tilẹ̀ ṣe ọkọ̀ lóore. Bẹntiróòlù inú rẹ̀ yóò di gọ́ọ̀mù, rọ́bà rẹ̀ yóò gbẹ, táyà rẹ̀ yóò tẹ́ lójú kan, bíréèkì yóò sì gan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì èyíkéyìí. Àwọn ará Detroit mọ èyí. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀ àtijọ́ wọn jáde sí òpópónà Woodward ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ. Owó tí wọn yóò fi ṣe pápá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọdé ìlú Ferndale ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àgbà àti ọmọdé a gbé àga sí etí ọ̀nà, wọn a máa wòran lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Havana, olú ìlú Kúbà, kò sí ẹni tí í jiyàn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí dènà ọjà sí wọn ní ọdún 1960, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà tuntun kò fi wọlé mọ́, tí ẹ̀yà ọkọ̀ náà kò sì wọlé. Chevrolet àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní almendrón ń kó èrò pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì dísù tí a yọ lára ọkọ̀ mìíràn. Adájọ́ Hershey kò ní fún un lẹ́bùn. Ṣùgbọ́n ní ìlú yẹn, níbi tí àwọn ọmọ ìran Lucumí, ọmọ Yorùbá ayé ẹrú, ti ń bọ Ògún títí dòní, èmi kò rò pé onírin yóò kọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ṣí i ti ń darúgbó. Ní McPherson College ní ìpínlẹ̀ Kansas, láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ àtijọ́; oyè ọlọ́dún mẹ́rin ni wọ́n sì ń fúnni báyìí. Wọ́n ń kọ́ bí a ti í fọwọ́ na páànù, bí a ti í rán ìjókòó, bí a ti í kun ọ̀dà. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọdún 2000 ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì tí a ṣe kí a tó bí bàbá rẹ̀.