Irin Nínú Ọ́ìlì Tuntun

  Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bí ẹ kò tilẹ̀ ní ọkọ̀, ẹ má dìde nídìí rédíò, nítorí ẹ̀mí ẹni tí ó wọ ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ó ni ọkọ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi dẹnu kọlẹ̀. Ó ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi, èéfín rẹ̀ sì ń lé àwọn aládùúgbò wọlé. Ọ̀gá mẹkáníìkì tí ń bá mi tún un ṣe ní kò sí ọgbọ́n mìíràn mọ́: a ó tú u palẹ̀, a ó gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, a ó sì fi písítìn àti bẹ́árìn tuntun sí i. Gbogbo owó àjọ tí mo ti ń dá láti oṣù Kẹta ni mo kó lé e lórí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Nígbà tí a ṣíná sí i, ohùn rẹ̀ lọ geere. Inú mi dùn púpọ̀, nítorí àbúrò mi obìnrin yóò ṣe ìgbéyàwó ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, èmi ni yóò sì gbé ìyá wa láti Ìbàdàn, gba Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ní kí ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ tú ọ́ìlì àkọ́kọ́ dànù, kí a lè rọ òmíràn. Ọmọ náà gbé abọ́ funfun sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ọ́ìlì dà tán, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá wo nǹkan.” A wò ó. Nínú oòrùn ọ̀sán, ọ́ìlì náà ń dán yinrinyinrin.

Ọkùnrin kan tí ó jókòó níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ́ńjìnnì tuntun ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe. Tíṣà, ẹ rọ ọ́ìlì mìíràn sí i, kí ẹ máa lọ síbi ìgbéyàwó yín.” Kí n má purọ́ fún yín, mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Bí irin tuntun bá ń mọ ara wọn lára, wọ́n a máa ha ara wọn díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó ń jáde níbẹ̀ kúnná bí eérú tí a pò mọ́ epo. Bí ẹ bá fi ìka méjì rà á, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èyí tí èékánná lè ṣà, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀tọ̀.

Ọ̀gá kò dá ọkùnrin náà lóhùn. Ó mú òòfà kan tí ó yọ lára rédíò àtijọ́, ó fi ọ̀rá wé e, ó sì fi ro ọ́ìlì náà. Èérún dúdú lẹ̀ mọ́ ọn, wóró wóró bí gààrí. Ó gé asẹ́ ọ́ìlì, èyí tí wọ́n ń pè ní fílítà, ó tẹ́ pépà inú rẹ̀ sórí aṣọ funfun, ó sì fún un gbẹ. Níbẹ̀ ni a ti rí irú kejì: pẹlẹbẹ, rírọ̀, tí òòfà kò lè gbé. Àwọ̀ òjé ni púpọ̀ nínú wọn ní, ṣùgbọ́n díẹ̀ pọ́n bíi bàbà.

Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ ohun tí ó rí. Nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá ńlá kan wà tí a ń pè ní kíráńkì, tí àwọn písítìn ń yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 ni kíráńkì ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Inú bẹ́árìn ni ó ti ń yí. Ẹ ó rò pé irin ń gun orí irin ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1883, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Beauchamp Tower kọ ìròyìn ìdánwò tí ó ṣe lórí bẹ́árìn irú ti ọkọ̀ ojú irin. Ó lu ihò sí òkè bẹ́árìn náà, ọ́ìlì sì ń ru jáde. Ó dí ihò náà, ọ́ìlì ti èdídí náà jáde. Báyìí ni ó ṣe mọ̀ pé ọ́ìlì ni ó ń gbé ọ̀pá náà lé ọwọ́, kí irin má bàa kan irin.

Ṣùgbọ́n ààyè tí ọ́ìlì náà ń gbà kò tó nǹkan. Nínú ọkọ̀ kékeré, ó máa ń tó ìdá márùn-ún nínú ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan. Fọ́nrán irun orí kan ṣoṣo lè nípọn jù ú lọ. Wóró irin tí ó tóbi bíi gààrí kò lè ráyè níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi irin rírọ̀ bo ojú bẹ́árìn, kí ìdọ̀tí kékeré lè rì sínú rẹ̀. Èyí tí ó bá tóbi kò ní rì. Yóò máa họ bẹ́árìn bí èékánná ológbò. Abẹ́ ojú rírọ̀ yẹn ni bàbà wà nínú ọ̀pọ̀ bẹ́árìn. Bí ẹ bá ti rí àwọ̀ bàbà nínú ọ́ìlì, ojú bẹ́árìn ti ń ṣí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Asẹ́ kò ha lè mú un bí?” Asẹ́ ní ìlẹ̀kùn kan tí ó ń ṣí bí ọ́ìlì bá ki jù tàbí bí asẹ́ bá kún, kí ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnnì má bàa gbẹ. Bí ó bá ti ṣí, ọ́ìlì tí a kò sẹ́ ni yóò kọjá. Èyí tí ó burú jù ni pé, èérún tí ó bá sá pamọ́ sí ọ̀nà ọ́ìlì lẹ́yìn asẹ́ yóò kọ́kọ́ dé bẹ́árìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ asẹ́.

Ọ̀gá wò mí, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bi mi ni. Wóró wọ̀nyí jáde láti ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ. Mo gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ wọn, mo gbà pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, n kò sì tún un fọ̀. Iná kò tíì tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kò ní tán léèékánná. A ó tún un tú.”

Inú bí mi, n kò ní sẹ́. Ọkọ̀ èrò ni a wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, ìyá wa gbé gèlè rẹ̀ lé itan, ó ń kùn títí a fi dé Iléṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé, ọ̀gá tẹ́ àwọn bẹ́árìn sílẹ̀ níwájú mi. Mẹ́ta ti ya bí ojú tí wọ́n kọ ní ilà. Kíráńkì fúnra rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Dídán ni wọ́n kàn dán an. Ká ní mo gbé e lọ, bẹ́árìn ìbá há mọ́ kíráńkì, ọ̀pá tí ó so ó mọ́ písítìn ìbá sì já, kí ó gún ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì jáde, lórí eré, pẹ̀lú ìyá wa lẹ́yìn ọkọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ojú mi ni wọ́n ṣe fọ̀ ọ́. Wọ́n yọ gbogbo èdídí ọ̀nà ọ́ìlì. Wọ́n fi omi gbígbóná, ọṣẹ, àti búrọ́ọ̀ṣì gígùn fọ ihò kọ̀ọ̀kan. Epo òyìnbó tàbí pẹtiróòlù nìkan kò tó. Ó ń ṣí ọ̀rá kúrò, ṣùgbọ́n ó ń fi iyanrìn sílẹ̀ nínú ojú irin. Wọ́n fi aṣọ funfun nù ún títí aṣọ náà kò fi dọ̀tí mọ́. Kíá ni wọ́n sì gbẹ ẹ́, tí wọ́n fi ọ́ìlì pa á, kí ó má bàa dípẹtà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹ tètè tú ọ́ìlì àkọ́kọ́ sínú abọ́ funfun. Ẹ fi òòfà rò ó. Ẹ ní kí wọ́n gé asẹ́ níṣojú yín. Bí ẹ bá rí èyí tí èékánná lè ṣà, ẹ má ṣe ṣíná sí ọkọ̀ náà mọ́, ì báà ṣe láti gbé e délé. Ẹ fà á lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ rántí pé ọmọ-iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ rí i, tí ó sì sọ ọ́ láìka ojú àgbà sí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ rántí pé ọ̀gá náà kò bá a wí, ó wá wò ó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ṣì ń gun ọkọ̀ náà.