Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ: Ètò Ìrọ̀rùn fún Ilé Tuntun

Iṣẹ́ èdè ni mo ń ṣe ní yunifásítì, nítorí náà ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni mo gbé wá. N kì í ṣe ayàwòrán ilé, n kò sì mọ iṣẹ́ wáyà. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́lé rí, mo sì ti ṣàṣìṣe níbẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Àwọn tí mo kọ́ níwèé, tí àwọn náà ti di olùkọ́ báyìí, ni wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà. Púpọ̀ nínú wọn ń ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, nítorí pé ilẹ̀ ìgboro Èkó ti kọjá agbára wọn. Bí ilé bá ti dé òrùlé, wọn a wá bi mí pé, “Ẹ̀rọ wo ni kí a kọ́kọ́ rà, sà?” Èsì mi ni pé ìbéèrè náà ti pẹ́ jù. Ìrọ̀rùn ilé kì í bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Inú ìwé tí a ya àwòrán ilé sí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Nígbà tí mo kọ́ ilé tèmi ní Ìkòròdú, ẹ̀rọ amúlétutù ni mo fi ọkàn tẹ̀. Nítorí rẹ̀, fèrèsé kékeré kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n fi sí yàrá kọ̀ọ̀kan, kí òtútù má baà jáde. Bíríkìlà rẹ́ ògiri, a kùn ún, ó ń dán. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rántí pé n kò ṣètò wáyà fún àwọn ẹ̀rọ náà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ògiri tí mo ti sanwó rẹ̀.

Ìyá mi wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́. Lóru ọjọ́ náà, iná lọ. Nígbà tí mo jí, mo bá ìyá àgbà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, tí ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ilé yìí dára, mo bá ọ yọ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni o ní kí atẹ́gùn ó gbà wọlé?” Gbogbo ìwé tí mo kà, n kò rí èsì nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ilé tí ó jẹ́ pé ìgbà tí iná bá wà nìkan ni ó tura, kò tíì tura. Kí ilé kọ́kọ́ rọrùn fúnra rẹ̀, kí ẹ̀rọ wá ràn án lọ́wọ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ là á sí.

Èkínní ni oòrùn àti atẹ́gùn. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ti ń mú jù lára ògiri. Bí ilẹ̀ bá gbà, kí ojú ilé tí ó gùn kọ sí àríwá àti gúúsù, kí òrùlé sì yọ síta dáadáa láti ṣíji bo ògiri. Láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ sí wa jù. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í wọ ibi tí kò ti rí ọ̀nà jáde. Fèrèsé méjì tí ó kọjú síra ni yóò jẹ́ kí ó gba inú yàrá kọjá, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn a sì wà lójú méjèèjì. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà sí Èkó kọ́ ilé tí fèrèsé rẹ̀ ga, tí àjà rẹ̀ ga, tí ọ̀nà sì la àárín rẹ̀ já. Láti Èkó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti tàn kálẹ̀ dé àwọn ìlú Yorùbá mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ti dé Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ẹ ó ti rí ògiri oníhò-hò àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá nínú àwọn ilé tí Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán wọn. Wọ́n kọ́ wọn fún ojú ọjọ́ wa, kì í ṣe fún ẹ̀rọ.

Èkejì ni omi. Kí a tó gbẹ́ kànga tàbí bọ́hóòlù, kí a ti mọ ibi tí kòtò ilé ìyàgbẹ́ yóò wà, tiwa àti ti aládùúgbò, kí àárín wọn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Kí a sì yẹ omi náà wò, nítorí pé omi abẹ́ ilẹ̀ lágbègbè ọ̀sà a máa ní irin nínú: ó mọ́ bí a bá ń fà á, bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ó pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Aṣọ funfun kò ní gba irú omi bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a gbé táǹkì ga. Bí a bá ti fa omi kún un nígbà tí iná wà, yóò máa sọ̀kalẹ̀ wá fúnra rẹ̀ nígbà tí iná kò sí.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ń bẹ nínú ògiri. Kí a tó rẹ́ ilé, ẹ jẹ́ kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n rìn yàrá dé yàrá nínú àwòrán: níbo ni ibùsùn yóò wà, níbo ni a ó ti máa lọ aṣọ, níbo ni fíríìjì yóò dúró? Ibẹ̀ ni kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Kí a ri páìpù wáyà tí ó ṣófo mọ́ ògiri fún ohun tí owó wa kò tíì ká, títí kan èyí tí yóò gùn òrùlé lọ nítorí iná oòrùn. Wáyà tí ó tínrín ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ a máa gbóná, ibẹ̀ ni iná ti ń ràn mọ́ ilé. Nítorí náà kí ẹ̀rọ amúlétutù ní wáyà tirẹ̀ tí ó nípọn. Kí a má sì fi owó du ara wa lórí wáyà tí a ń rì mọ́lẹ̀, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí iná gbé ọmọ tí ó bá fọwọ́ kan ara fíríìjì.

Ẹ̀kẹrin ni ìṣirò, ẹ̀yin olùkọ́ sì lè fi í ṣe iṣẹ́ kíláàsì. Ohun tí ó bá lo wáàtì 1,000 fún wákàtí kan ti jẹ yúnìtì iná kan. Gílóòbù ìgbàlódé oníwáàtì 10 mẹ́fà fún wákàtí 5 jẹ́ 300. Fáànù oníwáàtì 70 mẹ́ta fún wákàtí 8 jẹ́ 1,680. Tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 100 fún wákàtí 4 jẹ́ 400. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,380, kò tó yúnìtì méjì ààbọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré kan tí ó ń lo wáàtì 900, bí kò bá sinmi fún wákàtí 8, yóò dá jẹ yúnìtì méje lé díẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ju gbogbo ìyókù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta! Bátìrì olójé àti ásíìdì tí ó jẹ́ fóòtì 12, tí wọ́n kọ 200 sí lára, ń gbé 2,400, ṣùgbọ́n bí a kò bá fẹ́ kí ó tètè kú, ìdajì rẹ̀ ni kí a máa lò. Bátìrì méjì ni yóò gbé gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n wa, wọn kò sì ní ṣẹ́kù. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò yìí, oníṣòwò kò lè tan án jẹ. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, “Ìkòròdú kọ́ ni kí iná ti wọ́n, ṣebí Ẹgbin wà nítòsí.” Lóòótọ́ ni. Ilé iṣẹ́ iná tó wà ní Ẹgbin, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, ní ẹ̀rọ ńlá mẹ́fà. Agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 220, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,320. Omi ọ̀sà wa ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lójú. Ṣùgbọ́n iná Ẹgbin kì í ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọ ilé aládùúgbò. Inú okùn iná gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ń dà sí, Òṣogbo ni wọ́n sì ti ń darí okùn náà. Bí okùn náà bá dákú, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe léraléra ní 2024, ará Ìkòròdú àti ará Kánò á jọ wà nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó sì gbójú lé jẹnẹrétọ̀ rí ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tí ìjọba mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023. Bí a bá tilẹ̀ ní jẹnẹrétọ̀, kí ó jìnnà sí ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ó má ṣe sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láé. Èéfín rẹ̀ tí ń pani kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tó sùn kì í jí.

Ní ti iná oòrùn, kí apá kan òrùlé kọ sí gúúsù, níbi tí igi kò ti ṣíji bò ó, nítorí pé àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì ni a wà. Owó rẹ̀ lè má tíì sí lónìí. Kí àyè rẹ̀ ti wà.

Ẹ ó bi mí pé, kí ni mo wá ṣe sí ilé tèmi? Mo tún ògiri fọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì la fèrèsé ńlá sí i ní ìhà kejì yàrá. Ó dùn mí nínú àpò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ìyá mi tún wá láti Ẹ̀pẹ́. Iná lọ bí ó ti máa ń lọ. Mo dìde lóru, mo yọjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta; n kò rí ẹní níbẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n sùn sí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ̀yin tí ilé yín ṣì wà lórí ìwé, ọ̀pá ìdiwọ̀n àti pẹ́ńsùlù kò wọ́n. Ẹ fi wọ́n ṣiṣẹ́ kí òòlù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ilé á tù yín lára o. Ó dàbọ̀.