Orúnkún Ọ̀dọ́ àti Ilé Tí A Ń Tún Kọ́: Ìfarapa Agbábọ́ọ̀lù Tuntun nínú Ẹgbẹ́ Tí Ń Gbìyànjú Láti Dìde



Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni mo yàn láti sọ̀rọ̀ lé lórí, eré tí púpọ̀ nínú wa kò gbá rí. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ó fi ọ̀rọ̀ kan hàn kedere, ọ̀rọ̀ tí ó kan gbogbo àjọ tí ó ti ṣubú rí, tí ó wá gbé ìrètí rẹ̀ lé èjìká ọ̀dọ́ kan ṣoṣo. Bí ọ̀dọ́ náà bá fara pa ńkọ́? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ náà? Kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́ náà fúnra rẹ̀? Èrò tèmi ni pé ìfarapa agbábọ́ọ̀lù tuntun kì í ṣàdédé wó ẹgbẹ́ palẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń tú àṣírí bí a ti ń kọ́ ilé náà. Ohun tí àwọn alákòóso bá sì ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò sọ bóyá ilé náà yóò dúró tàbí yóò wó.

1. Bí eré náà ti rí

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á ṣàlàyé díẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó gùn, orí rẹ̀ méjèèjì sì ṣe ṣóńṣó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, àyà ni wọ́n sì ń gbá a mọ́ sá lọ. Ènìyàn 11 ní ń dojú kọ ènìyàn 11. Nínú ìhà tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn, ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ́tábáàkì. Òun ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, òun ni yóò sì pinnu bóyá kí òun jù ú, kí òun fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tàbí kí òun fúnra òun gbé e sá. Géńdé márùn-ún ní ń dúró níwájú rẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí bá jáfara, àwọn ọ̀tá yóò wó kọ́tábáàkì lulẹ̀ kí ó tó rí bọ́ọ̀lù náà jù.

Ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nínú líìgì wọn. Ní oṣù kẹrin ọdọọdún ni wọ́n máa ń pín àwọn ọ̀dọ́ tí ń bọ̀ láti yunifásítì láàárín ara wọn. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe ẹ̀yìn jù lọ ní ọdún tí ó kọjá ni yóò kọ́kọ́ mú tirẹ̀. Òfin tún dá ààlà sí iye owó tí ẹgbẹ́ kan lè ná lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́dún. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ dìde kò lè fi owó ra gbogbo ohun tí ó kù ú kù lọ́jọ́ kan. Ó gbọ́dọ̀ yan èyí tí yóò kọ́kọ́ wá àti èyí tí yóò dúró dìgbà mìíràn. Ìhín gan-an ni ewu ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òpó tí ó dára jù lọ ni gbogbo wọn fẹ́ kọ́kọ́ rì, bí ògiri kò tilẹ̀ tí ì sí nílẹ̀.

2. Ọjọ́ méjì lórí pápá kan náà

Ìtàn méjì ni n ó fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Lórí pápá kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti ṣẹlẹ̀, ní Landover, ìpínlẹ̀ Maryland, lórí pápá tí wọ́n ń pè ní FedExField nígbà náà.

Èkíní ni ti Robert Griffin. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ Washington, tí ó ti pàdánù ìdíje 11 nínú 16 ní ọdún tí ó ṣáájú, fi ẹ̀tọ́ yíyàn ìpele kìn-ín-ní ti ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ kan ní ìpele kejì, ṣe pàṣípààrọ̀ kí wọ́n lè mú ọmọkùnrin yìí ṣìkejì. Ní èdè tí ó ṣe tààrà, wọ́n ta irúgbìn ọdún mẹ́ta láti ra igi kan. Igi náà sì so lóòótọ́. Ẹgbẹ́ náà borí nínú ìdíje 10, wọ́n sì gba ipò kìn-ín-ní ní agbègbè wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ farapa nínú ìdíje pẹ̀lú Baltimore. Ìdíje kan ṣoṣo ni ó fi sinmi. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013, nígbà tí wọ́n ń bá Seattle figẹ̀ wọngẹ̀, gbogbo ènìyàn rí i pé ó ń tiro. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun lè máa bá eré lọ, Mike Shanahan tí ó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá sì gbà á gbọ́. Kí eré tó parí, orúnkún náà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, iṣan méjì sì já. Washington, tí ó ti ń borí pẹ̀lú 14 sí òdo, pàdánù pẹ̀lú 24 sí 14.

Èkejì ni ti Joe Burrow. Ẹgbẹ́ Cincinnati borí nínú ìdíje méjì péré ní ọdún 2019, wọ́n sì pàdánù 14. Nítorí ìyẹn ni wọ́n fi ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ mú ní ọdún 2020, Burrow ni wọ́n sì mú. Àdéhùn ọdún mẹ́rin tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 36 dọ́là ni wọ́n bá a ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ iwájú rẹ̀ kò lágbára. Nínú ìdíje 10 tí ó gbá, ẹ̀ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n wó o lulẹ̀ kí ó tó ju bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ọ̀tá méjì ya lù ú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Orúnkún òsì rẹ̀ ni ó gbà á. Iṣan àárín orúnkún, èyí tí kì í jẹ́ kí egungun ojúgun yọ síwájú kọjá ààyè rẹ̀, já. Iṣan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà sì já. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé e kúrò lórí pápá. Nígbà tí ọdún eré náà parí, ìdíje mẹ́rin ni Cincinnati borí, wọ́n pàdánù 11, wọ́n sì gbá ọ̀mì nínú ẹyọ kan.

3. Ohun tí ìfarapa tú síta

Bí a bá wo ìtàn méjèèjì fínnífínní, a ó rí i pé a kò lè pè wọ́n ní àjálù lásán. Òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni lè fara pa nínú eré tí ó le tó báyìí. Ṣùgbọ́n ìṣubú 32 nínú ìdíje 10 kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí tí kò gbè èèyàn. Ẹgbẹ́ ni ó gbé ohun iyebíye síta kí ó tó mọ ọgbà yí i ká. Bẹ́ẹ̀ ni orúnkún tí ó ti ń tiro láti ọjọ́ pípẹ́ kì í ṣe àdììtú. Àwọn baba wa ní igi gànnàgànnà má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Washington kò ní ohun tí wọn yóò fi tún ilé ṣe. Wọ́n ti ta ẹ̀tọ́ ìpele kìn-ín-ní ti ọdún 2013 àti ti 2014. Líìgì sì ti gba mílíọ̀nù 36 dọ́là nínú ààyè ìnáwó wọn fún ọdún méjì nítorí ọ̀ràn àdéhùn kan. Nítorí náà, dandan ni kí Griffin tètè padà. Oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ó ti wà lórí pápá. Ní ọdún 2013, ìdíje mẹ́ta ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 13, wọ́n dá Griffin jókòó nínú ìdíje mẹ́ta tí ó kẹ́yìn, wọ́n sì lé akọ́nimọ̀ọ́gbá. Griffin kò gbá ìdíje kankan ní ọdún 2015. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀.

Ní ti Cincinnati, ẹ̀tọ́ yíyàn wọn wà lọ́wọ́ wọn digbí. Wọn kò lé Zac Taylor, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Nítorí pé wọ́n tún ṣe ẹ̀yìn ní ọdún 2020, wọ́n rí ẹni ìkarùn-ún mú ní ọdún 2021. Àwọn kan ní kí wọ́n mú ẹ̀ṣọ́ iwájú. Ja'Marr Chase ni wọ́n mú, sárésáré tí òun àti Burrow ti jọ gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana. Wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ àgbà kan, Riley Reiff, wọ́n sì mú ẹ̀ṣọ́ ọ̀dọ́ kan ní ìpele kejì. Oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni Burrow tó tún bẹ̀rẹ̀ ìdíje gidi. Ní ọdún eré náà, wọ́n borí nínú ìdíje tí wọ́n fi ń yọ ara wọn sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1991, wọ́n sì dé àṣekágbá tí à ń pè ní Super Bowl. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2022, ẹgbẹ́ Los Angeles fi 23 sí 20 borí wọn.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi ayọ̀ bo òtítọ́. Ní ọjọ́ àṣekágbá náà, ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n wó Burrow lulẹ̀. Ìdíje kan ṣíwájú rẹ̀ wà, ní Tennessee, tí wọ́n ti wó o lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ni wọ́n tó gba ẹ̀ṣọ́ àgbà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ògiri dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé.

4. Orúnkún tí ayé kò gbọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ní ọdún 2021 tí Cincinnati ń yọ̀ yìí, agbábọ́ọ̀lù tuntun mìíràn wà níbẹ̀, Joseph Ossai, ọmọ tí a bí sí Èkó, tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Texas nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Nínú eré ìdánrawò tí ó ṣáájú ọdún eré ni orúnkún tirẹ̀ ti farapa, kò sì gbá ìdíje kankan ní ọdún náà. Ẹgbẹ́ kò mì. Ìròyìn náà kò ká àwọn ìwé ìròyìn lára fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí kọ́ wa pé kì í ṣe bí iṣan ti já tó ni a fi ń wọn ìfarapa ọ̀dọ́ nínú ẹgbẹ́, bí kò ṣe ibi tí ọ̀dọ́ náà dúró sí nínú ilé. Ṣùgbọ́n ìrora kò mọ ipò. Orúnkún òpó àti orúnkún ẹ̀gbẹ́ ògiri, bákan náà ni wọ́n ṣe ń dunni lóru.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyí. Nígbà tí wọ́n bi Griffin bóyá ó lè máa bá eré lọ, ìdáhùn wo ni wọ́n rò pé ọmọ ọdún 22 yóò fún wọn? Ọ̀dọ́ tí gbogbo ìlú ń kọ orúkọ rẹ̀, tí ó mọ̀ pé nítorí òun ni wọ́n ṣe ta ọjọ́ iwájú, ṣé yóò sọ pé ó rẹ òun ni? A kì í gbé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ àgbà ni, nítorí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹlòmíràn tí ó lè gbé ẹrù náà yóò sì máa rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó gba ìdáhùn ọmọ náà gbọ́. Àìní a máa sọ àgbà di ẹni tí kò ríran.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí fà yọ. Èkíní, ẹgbẹ́ tí ń tún ara rẹ̀ kọ́ gbọ́dọ̀ ro bí yóò ti dáàbò bo ọ̀dọ́ tí ó gbójú lé kí ó tó gbé e síta. Èkejì, kò gbọdọ̀ ná gbogbo ohun tí ó ní sórí ẹnì kan, kí ó lè ní sùúrù nígbà tí ẹni náà bá ṣubú. Sùúrù kì í ṣe ìwà rere nìkan, ohun tí a gbọ́dọ̀ ti fi pamọ́ sínú àká ni. Ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́ kì í ṣe ohun èlò ilé. Ènìyàn ni, ara rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ariwo pápá bá ti dákẹ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Burrow tún farapa, ọrùn ọwọ́ tí ó fi ń ju bọ́ọ̀lù ni lọ́tẹ̀ yìí, ọdún eré náà sì parí fún un. Cincinnati kò rí ààyè dé ìdíje àyọkúrò ní ọdún náà. Àṣeyọrí ọdún kan kò fi hàn pé a ti kọ́ ẹ̀kọ́ tán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kí àwa tí à ń tún ilé kọ́ níbikíbi, ìbáà ṣe ẹgbẹ́, ìbáà ṣe ilé ẹ̀kọ́, máa bi ara wa lójoojúmọ́ pé: ta ni ó dúró níwájú ọmọ tí a gbójú lé yìí?