Ohun tí ẹ ó mú lò àti ohun tí ẹ ó fọwọ́ ara yín kọ

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń jáde lónìí nílé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Òkè-Ògùn, Ṣakí, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fi sìn yín sọ́nà.

Bí iṣẹ́ bá délẹ̀, èwo lẹ máa fọwọ́ ara yín kọ, èwo lẹ máa mú nínú library, ìyẹn kóòdù táwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀?

Ẹ wo orúkọ ìlú yìí. Ẹnìkan á tẹ Ṣ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíràn á tẹ S, á wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹni tó bá ń wá “Ṣakí” sì lè má rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti fi òru kọ kóòdù rẹpẹtẹ torí èyí. Mo mọrírì akitiyan yín, ṣùgbọ́n unicodedata tó wà nínú Python yóò sọ méjèèjì di ọ̀kan náà ní ìlà kan. Library ICU náà ti mọ̀ pé gb ló ń tẹ̀ lé g nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Ẹ mú wọn lò.

Ọ̀rọ̀ gbígba owó lórí káàdì tilẹ̀ le ju ìyẹn lọ. Ẹ má fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Àṣìṣe bíńtín níbẹ̀, owó olówó ló máa lọ. Paystack, táwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, ti gbé ẹrù yẹn.

Ọjọ́ ọjà wá ńkọ́? Ọjọ́ méje ni library kàlẹ́ńdà mọ̀. Kò mọ ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún wa. Bí a bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì la ó tún ná an, torí a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi márùn-ún kún ọjọ́ nínú kóòdù rẹ̀, ọjọ́ kejì ọjà ni yóò rán oníṣu lọ. Mẹ́rin ló yẹ kó fi kún un. Ta ni yóò kọ ìyẹn fún wa bí kò ṣe ẹ̀yin?

Èyí tí ẹ bá sì mú lò, ẹ ṣí i wò. Lóṣù Kẹta ọdún 2016, Azer Koçulu yọ left-pad, library kékeré kan tó kọ, kúrò lórí npm, ibi táwọn ẹlòmíràn ti ń mú un lò, iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì dúró. Ìlà 11 péré ni kóòdù náà! Èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ fúnra yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀, ẹ jẹ́ kí kóòdù ọjọ́ ọjà yẹn ṣáájú. Ẹ gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn ará Ìsẹ́yìn náà lè mú un lò.