Ojú Tó Ń Ta Bí Ata

Àìsàn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní rosacea kì í ràn, kì í sì í ṣe àmì ọ̀mùtí. Ẹ yé fi ẹni tó ní in ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú òyìnbó á pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í hàn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú á máa ta bí ata, ohun bí irorẹ́ á sì sú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú. Oòrùn, iná ìléru, ooru ẹ́ńjìnnì, ọtí, ata, gbogbo wọn ló lè ru ú sókè. Ìpara ìbóra tó ní steroid ló bà wá lẹ́rù jù: á kọ́kọ́ tura, nígbà tó bá yá, ojú á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oògùn dókítà lè mú un rọlẹ̀. Ní tiwa, a ó sọ fún àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ ká máa gba iṣẹ́ ẹnu iná lọ́wọ́ ara wa.